Ilé Ìpájà, Èlé Báǹkì àti Owó Orí: Ìdáhùn fún Ìyá Ìbejì ní Bàrígà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Bàrígà la ń gbé, èmi, ọkọ mi àti àwọn ìbejì wa. Ọmọ ọdún 38 ni mí, ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ kan ní Yaba ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ó ti pé ọdún 12. ₦420,000 ni owó oṣù mi kí wọ́n tó yọ nǹkan kan. Wọ́n ń yọ ₦30,000 fún pẹ́ńṣàn àti ₦7,500 fún NHF, àpò owó ilé ìjọba àpapọ̀. Ọkọ mi ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Ládípọ̀, ọjà rẹ̀ ń lọ sókè sódò. ₦1.2 mílíọ̀nù là ń san fún lánlọ́ọ̀dù lọ́dún, orúkọ mi ló wà lórí risíìtì. A ti kó ₦5 mílíọ̀nù jọ nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, owó pẹ́ńṣàn mi sì ti di ₦6 mílíọ̀nù. Ejẹ́ǹtì kan mú wa lọ wo fúláàtì oníyàrá méjì ní Ìpájà, ₦26 mílíọ̀nù ni wọ́n pè é. Ó ní báǹkì máa yá wa lówó, ó ní ìjọba máa dá owó orí wa padà torí pé a ra ilé, ó wá ní ká san ₦500,000 kí òun fi di ilé náà mú. Ọkọ mi ò gbà. Òun ní ká ra àbọ̀ plọ́ọ̀tì lọ́wọ́ ẹbí kan ní Ìkòròdú, ká máa kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ bá wa dá sí i.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ má tíì san ₦500,000 yẹn. Ẹni tó ń béèrè rẹ̀ kò tíì fi ìwé ilé hàn yín, báǹkì kankan kò tíì wo ilé náà, ẹ̀yin fúnra yín kò sì tíì mọ iye tí wọ́n lè yá yín. Tí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí bá wọ́, owó yẹn máa ṣòroó gbà padà. Ohun tó ń di ilé mú fúnni ni ìwé àdéhùn tí lọ́yà yín ti kà, tó sì sọ ní kedere pé owó yín máa padà tí ìwé ilé kò bá dára tàbí tí báǹkì kò bá yá yín.

Ọ̀rọ̀ owó orí tí ejẹ́ǹtì sọ, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ ó ti bù mọ́ ọn. Ìjọba kì í dá owó orí padà fún ẹni tó ra ilé. Òfin kàn ń jẹ́ kí a yọ àwọn owó kan kúrò kí wọ́n tó gé owó orí lórí èyí tó kù. Mo máa ṣe ìṣirò rẹ̀ fún yín níwájú, torí ó tọ́ sí yín. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin àti Bàbá Ìbejì má ṣe jẹ́ kí owó orí darí yín lórí ilé yìí. Nǹkan méjì ló máa sọ bóyá ilé náà á tù yín lára: èlé orí owó tí ẹ yá, àti ìwé ilẹ̀ tí ilé dúró lé.

Èlé ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú. Ní November 2024, CBN, báǹkì àgbà ilẹ̀ wa, gbé òṣùwọ̀n èlé ilẹ̀ wa dé 27.5%; ní September 2025, wọ́n sọ ọ́ di 27%. Orí òṣùwọ̀n yìí ni àwọn báǹkì tí a ń lọ lójoojúmọ́ ń gbé èlé tiwọn lé. Ẹ ní ₦5 mílíọ̀nù, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ rí ₦1.5 mílíọ̀nù nínú pẹ́ńṣàn yín (mo máa ṣàlàyé rẹ̀). Tí a bá yọ ìyẹn kúrò nínú ₦26 mílíọ̀nù, ó ku ₦19.5 mílíọ̀nù tí ẹ máa yá. Ká ní ẹ yá a ní 28%, kí ẹ fi ogún ọdún san án, nǹkan bí ₦457,000 lẹ máa san lóṣooṣù. Gbogbo owó oṣù yín kò tó o. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ní Èkó fi gbà pé mọ́géèjì, owó tí báǹkì ń yáni láti fi ra ilé, kò sí fún irú wa, wọn ò sì jẹ̀bi tó bá jẹ́ irú báǹkì yìí nìkan ni wọ́n wọ̀.

Àmọ́ ẹ wo payslip yín dáadáa. ₦7,500 tí wọ́n ń yọ fún NHF yẹn, owó yín ni, kì í ṣe owó orí. Òfin 1992 ló dá àpò náà sílẹ̀, ó ní kí òṣìṣẹ́ máa dá 2.5% sí i, kí a lè máa yá àwọn tó ń dá a lówó ilé. FMBN, báǹkì mọ́géèjì ìjọba àpapọ̀, ló ń bójú tó o. Èlé tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá yá owó náà jẹ́ 6%. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà téèyàn ti ń dá a, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè. Ẹ̀yin ti ń dá a láti ọdún 12. Ní 2023 ni wọ́n gbé òpin owó tí ẹnì kan lè yá láti ₦15 mílíọ̀nù lọ sí ₦50 mílíọ̀nù. Ó lè tó ọgbọ̀n ọdún tí ẹ máa fi san án, bí kò bá ti kọjá ìgbà tí ẹ máa pé 60 tàbí tí ẹ máa pé ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀yin ṣì ní ọdún 22 kí ẹ tó pé 60, ogún ọdún bá yín mu nìyẹn.

₦19.5 mílíọ̀nù kan náà, ní 6%, fún ogún ọdún: nǹkan bí ₦139,700 lóṣooṣù. Ẹ fi wé ₦457,000 ti òkè yẹn. Ilé kan náà ni, iye ọdún kan náà ni. Ilẹ̀kùn tí ẹ gbà wọlé ló yàtọ̀. Àwọn tó ń yáni lówó ilé kì í sábà fẹ́ kí owó ìsanpadà kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù, ìdá kan nínú mẹ́ta ₦420,000 sì jẹ́ ₦140,000.

Èèyàn kì í gba owó NHF lọ́wọ́ FMBN tààrà. Báǹkì mọ́géèjì tí FMBN fọwọ́ sí ni ẹ máa lọ, òun ni yóò gba ìwé yín, tí yóò yẹ ilé wò, tí yóò sì máa gba owó lọ́wọ́ yín. FMBN ń fún wọn lówó náà ní 4%, wọ́n ń yá yín ní 6%. Kí ẹ tó lọ, ẹ gba àkọsílẹ̀ NHF yín, kí ẹ rí i bóyá ọ́fíìsì yín ń san ohun tí wọ́n ń yọ wọlé lóòótọ́. Tí oṣù kan bá sọnù níbẹ̀, ẹ̀ka owó oṣù ni ẹ máa bá sọ ọ́, ẹ má sì jẹ́ kó di ìgbà tí ilé ti délẹ̀. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ yá owó náà láéláé, tí ẹ bá fẹ̀yìn tì, ẹ̀tọ́ yín ni láti gba gbogbo ohun tí ẹ dá pẹ̀lú èlé 2%. Ṣùgbọ́n 2% kékeré ní ìlú tí ọjà ń gbówó lórí báyìí. Ẹni tó bá dá NHF fún ọgbọ̀n ọdún tí kò fi ra ilé, owó rẹ̀ ni àwọn ẹlòmíràn fi ra tiwọn. Ó ń dùn mí tí mo bá rí òṣìṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì tó ń sáré ìwé ìgbapadà, nígbà tó jẹ́ pé owó kan náà ì bá ti sọ ọ́ di onílé.

Ẹ lè gbọ́ nípa ètò méjì míì. MREIF, àpò owó ilé tí iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ìdókòwò dá sílẹ̀, ń yáni ní 9.75%, ogún ọdún. Ní ti ₦19.5 mílíọ̀nù, ₦185,000 lóṣooṣù nìyẹn, ó ti kọjá agbára yín. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó náà ní ètò ìyágbé-rà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016: 5% ni owó àkọ́san, ẹ óò fi ọdún mẹ́wàá san ìyókù. Owó àkọ́san yẹn fani mọ́ra, àmọ́ ọdún kéré. Ilé ₦26 mílíọ̀nù lábẹ́ irú ètò bẹ́ẹ̀, ẹ ṣì máa jẹ ₦24.7 mílíọ̀nù, tí a bá pín in sí oṣù 120, ó lé ní ₦205,000 lóṣù kí a tó fi èlé kankan kún un. Ó dára fún tọkọtaya tí owó oṣù méjì ń wọlé fún. NHF ni ti yín.

Ọ̀rọ̀ pẹ́ńṣàn. Láti September 2022 ni PenCom, àjọ tó ń darí ètò pẹ́ńṣàn, ti gbé ìlànà jáde pé ẹni tó ní àpò pẹ́ńṣàn lè mú tó 25% nínú rẹ̀ láti fi ṣe owó àkọ́san ilé. Ó gbọ́dọ̀ ti dá a fún ó kéré tán oṣù 60, ó sì gbọdọ̀ ku ọdún mẹ́ta ó kéré tán kó tó fẹ̀yìn tì. Ẹ yege ní méjèèjì. 25% nínú ₦6 mílíọ̀nù jẹ́ ₦1.5 mílíọ̀nù. Owó náà kò ní wọ ọwọ́ yín. Ọ̀dọ̀ báǹkì tó fẹ́ yá yín lówó ni wọ́n máa san án sí, lẹ́yìn tí ẹ bá ti mú ìwé ìpinnu báǹkì náà lọ fún àwọn tó ń tọ́jú pẹ́ńṣàn yín. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní kí ẹ má fọwọ́ kan owó ogbó. Èmi gbà pé kí ẹ mú un: ó ku ọdún 22 tí ẹ ó tún máa dá a, ilé tí ẹ kò sanwó ìgbé fún lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì sì jẹ́ pẹ́ńṣàn fúnra rẹ̀. Àmọ́ tí ilé náà bá ní ìwé tó mọ́ nìkan ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ìṣirò ti ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ ló kàn yìí. ₦5 mílíọ̀nù pẹ̀lú ₦1.5 mílíọ̀nù pẹ̀lú ₦19.5 mílíọ̀nù, ó pé ₦26 mílíọ̀nù géérégé. Ta ló máa wá san owó ejẹ́ǹtì? Ní Èkó, 5% ni wọ́n sábà máa ń béèrè, lọ́yà náà 5%. ₦2.6 mílíọ̀nù nìyẹn. Ìwé àṣẹ gómìnà lórí ilé tún wà níbẹ̀. Láti 2015 ni ìjọba Èkó ti dín owó rẹ̀ kù sí 3% iye tí wọ́n bá díye lé ilé: 1.5% fún àṣẹ náà, 0.5% fún owó orí èrè títà, 0.5% fún ìwé òǹtẹ̀, 0.5% fún ìforúkọsílẹ̀. Tí wọ́n bá díye lé e ní ₦26 mílíọ̀nù, ₦780,000 ni. Àpapọ̀ rẹ̀ ti tó nǹkan bí ₦3.4 mílíọ̀nù, a ò sì tíì ka owó ẹni tó máa wá díye lé ilé fún báǹkì, tàbí owó ìbánigbófò ẹ̀mí àti ti iná tí báǹkì máa ní kí ẹ ṣe. Tí ẹ bá san gbogbo èyí nínú ₦6.5 mílíọ̀nù, ₦3.1 mílíọ̀nù péré ló kù fún owó àkọ́san. Ẹ máa ní láti yá ₦22.9 mílíọ̀nù, ẹ ó sì máa san ₦164,000 lóṣù. Báǹkì kò ní gbà, kò sì yẹ kó gbà.

Mo ṣe ìṣirò náà sẹ́yìn fún yín: pẹ̀lú owó tó wà lọ́wọ́ yín àti owó oṣù yín lónìí, ilé tí ẹ lè rà kò gbọdọ̀ kọjá nǹkan bí ₦23 mílíọ̀nù. Nítorí náà, tí ìwé ilé Ìpájà yìí bá mọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìdúnàádúrà láti ₦21 mílíọ̀nù, ẹ má sì ṣe kọjá ₦23 mílíọ̀nù. Owó ejẹ́ǹtì náà ṣeé dín kù; ọ̀pọ̀ wọn máa gba 3% tí wọ́n bá rí i pé owó wà nílẹ̀ lóòótọ́. Gbogbo ohun tí ẹ bá rí dín kù, ẹ fi pamọ́ títí tó fi máa tó owó ìsanpadà oṣù mẹ́ta. Ọmọ méjì tó jọ ń lọ sílé ìwé, owó ilé ìwé wọn kì í dúró de ọjọ́ owó oṣù.

Kí n má gbàgbé: tí ẹni tó kọ́ ilé náà bá fi VAT, owó orí ọjà, kún owó ilé, ẹ ní kó yọ ọ́. Òfin kò gba VAT lórí ilẹ̀ àti ilé. Lórí ₦26 mílíọ̀nù, 7.5% yẹn jẹ́ ₦1.95 mílíọ̀nù. Iṣẹ́ tí ejẹ́ǹtì àti lọ́yà bá ṣe ni VAT lè wà lórí owó rẹ̀.

Ó yá, owó orí. Láti January 1, 2026 ni òfin owó orí tuntun, Nigeria Tax Act 2025, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba àpapọ̀ lẹ ń bá ṣiṣẹ́, LIRS, iléeṣẹ́ owó orí ìpínlẹ̀ Èkó, ló ni owó orí yín nítorí Èkó lẹ ń gbé. Òfin náà ní kí wọ́n yọ pẹ́ńṣàn, NHF, ìbánigbófò ìlera àti owó ìbánigbófò ẹ̀mí yín kúrò kí wọ́n tó ṣírò owó orí. Ẹni tó ń háyà ilé tún máa yọ 20% owó ilé tó san lọ́dún, bí kò bá ti kọjá ₦500,000. Lẹ́yìn èyí, ₦800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó orí rárá, ₦2.2 mílíọ̀nù tó tẹ̀lé e gba 15%, ₦9 mílíọ̀nù tó tún tẹ̀lé ìyẹn gba 18%.

Owó yín lọ́dún jẹ́ ₦5.04 mílíọ̀nù. Ẹ yọ pẹ́ńṣàn ₦360,000, NHF ₦90,000, àti 20% owó ilé Bàrígà tó jẹ́ ₦240,000. Ó ku ₦4.35 mílíọ̀nù. Owó orí tó wà lórí rẹ̀ jẹ́ ₦573,000 lọ́dún. Tí ọ́fíìsì yín bá ń yọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ṣeé ṣe kí ẹ má tíì mú risíìtì lánlọ́ọ̀dù yín lọ fún wọn. Ẹ mú un lọ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ̀tọ́ tí ẹ ní lónìí nìyẹn, kò dúró de ilé kankan.

Tí ẹ bá wá ra ilé ńkọ́? Ìyọkúrò owó háyà á lọ, nítorí ẹ kò háyà mọ́. Èyí tó máa gba ipò rẹ̀ ni èlé orí owó tí a yá sórí ilé tí onílé ń gbé fúnra rẹ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́, nínú ₦1.68 mílíọ̀nù tí ẹ máa san padà, nǹkan bí ₦1.156 mílíọ̀nù ló jẹ́ èlé. Tí wọ́n bá yọ ìyẹn, owó orí yín á wá sí nǹkan bí ₦408,000. Èrè yín jẹ́ ₦165,000 lọ́dún. Ó lé díẹ̀ ju owó ìsanpadà oṣù kan lọ. Bí ọdún bá ṣe ń lọ, èlé inú owó tí ẹ ń san á máa dín kù, ìyọkúrò náà á sì máa dín kù.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí èyí. Ohun tí òfin náà dárúkọ ni èlé orí owó tí a yá láti fi kọ́ ilé tí a ó máa gbé. Ilé tó ti délẹ̀ lẹ fẹ́ rà. Òṣìṣẹ́ owó orí tó bá fi ojú líle ka òfin lè bi yín léèrè. Nítorí náà, kí oníṣirò owó yín kọ̀wé sí LIRS kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, kí ẹ gba ìdáhùn lórí ìwé, kí ẹ sì tọ́jú ìwé báǹkì tó ń fi èlé ọdọọdún hàn lọ́tọ̀ kúrò lára owó tí ẹ yá gan-an. Ẹ má fi ₦165,000 yẹn sínú ìṣirò bí ẹ ó ṣe máa san owó ilé. Tó bá dé, kó bá owó ilé ìwé lọ.

Àwọn ẹ̀tọ́ tó dájú jù wà lára ilé fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá ta ilé tí ẹ ń gbé lọ́jọ́ iwájú, èrè orí rẹ̀ ní ìdásílẹ̀ kúrò lọ́wọ́ owó orí. Ní ti Land Use Charge Èkó, owó ọdọọdún tí onílé ń san fún ìjọba ìpínlẹ̀, òfin 2020 fi 0.0394% lé ilé tí onílé ń gbé fúnra rẹ̀, ó sì fi 0.394% lé ilé tí ayálégbé nìkan ń gbé. Ìlọ́po mẹ́wàá ni. Nígbà tí ilé bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan sí ọwọ́ ẹlòmíràn, ìwé náà lè ṣì wà ní ìpele tí kì í ṣe tiyín, ẹ lọ ní kí wọ́n tún un ṣe.

Wàyí o, ìwé. Láti ìgbà òfin ilẹ̀ 1978, abẹ́ gómìnà ni gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà. Ẹni tó bá fẹ́ gba ilé tó ní C of O, ìwé ẹ̀rí níní ilẹ̀ tí gómìnà ń fúnni, lọ́wọ́ ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ gba àṣẹ gómìnà kí ó tó di tirẹ̀ pátápátá. Ẹ kò sọ fún mi bóyá ilé tuntun ni ti Ìpájà yìí, tàbí ọ̀kan nínú àwọn ilé tí Jakande kọ́ ní Abẹ́sàn nígbà tó jẹ́ gómìnà láàárín 1979 sí 1983. Tó bá jẹ́ ti Jakande, ẹ ṣọ́ra: ó ṣeé ṣe kó ti kọjá lọ́wọ́ ẹni méjì sí mẹ́ta, kó sì jẹ́ lẹ́tà ìpínfúnni àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n ń gbé kiri. LSDPC, iléeṣẹ́ ilé kíkọ́ ìjọba Èkó, ni kí lọ́yà yín ti kọ́kọ́ béèrè. Tó bá jẹ́ ilé tuntun, ẹ béèrè ìwé àṣẹ ìkọ́lé àti ìwé LASBCA, àjọ tó ń bójú tó ilé kíkọ́ ní Èkó, tó fi hàn pé ilé náà parí, ó sì yẹ fún gbígbé. Èyíówù kó jẹ́, kí lọ́yà yín, tí kì í ṣe lọ́yà ejẹ́ǹtì, lọ yẹ ìwé náà wò ní ọ́fíìsì ilẹ̀ ní Alausa. Báǹkì máa tún un yẹ̀ wò fúnra wọn. Ìnira tó pọ̀ wà nínú mọ́géèjì, mo mọ̀, àmọ́ àǹfààní rẹ̀ kan rèé: ojú kejì máa wo ilé náà kí owó yín tó jáde.

Èyí gan-an ni mo fẹ́ fi dá Bàbá Ìbejì lóhùn. Kíkọ́lé díẹ̀díẹ̀ kò burú. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òbí wa ṣe di onílé. Àmọ́ risíìtì ẹbí àti ìwé sọ́fè nìkan, kò sí báǹkì kan tó máa gbà á dúró fún owó. Kódà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ìjọba ti yọ̀ǹda ilẹ̀ náà fún ẹbí yẹn, kí ó sì wà nínú ìwé ìkéde ìjọba. Tí kò bá sí níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ilẹ̀ ìjọba lẹ fẹ́ rà lọ́wọ́ ẹni tí kò ní in. Ti àwọn ọmọ onílẹ̀ tó ń wá gba owó ìpìlẹ̀ àti owó dẹ́kìn, òfin Èkó ti 2016 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀, síbẹ̀ ẹni tó ń kọ́lé ní ìgbèríko ìlú ṣì ń bá wọn pàdé. Tí ẹ bá wá rí ilẹ̀ oníwèé tí agbára yín ká, ọ̀rọ̀ yí padà: ẹ lè yá owó láti fi kọ́ ọ, èlé owó tí a fi kọ́lé sì bọ́ sínú ohun tí òfin owó orí dárúkọ láìsí àríyànjiyàn. Nítorí náà, ọkọ yín kò ṣìnà lórí kíkọ́lé. Ilẹ̀ tí ó ń wò yìí ni mi ò fọwọ́ sí.

Ohun kan tún wà tí ejẹ́ǹtì kì í sọ. Láti Bàrígà dé Yaba, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fẹsẹ̀ rìn. Láti Ìpájà, ojoojúmọ́ ni owó ọkọ̀ á máa jáde. Ọkọ̀ ojú irin Red Line, tó bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò ní October 2024, ń gba Agége kọjá sí Yaba, ó máa dín ìyà náà kù, àmọ́ ẹ ní láti dé Agége kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ láàárọ̀ Monday kan, ẹ lọ sùn lọ́dọ̀ ojúlùmọ̀ kan ní Ìpájà, kí ẹ jí lọ síbi iṣẹ́ láti ibẹ̀. Ẹ kọ iye owó àti wákàtí tó gbà yín sílẹ̀. ₦100,000 lẹ ń fi háyà ilé lóṣù báyìí; owó ìsanpadà máa fi nǹkan bí ₦40,000 lé ìyẹn, kí ẹ wá fi owó ọkọ̀ kún un, kí ẹ wò ó bóyá ẹ lè fara dà á.

Ní ti Bàbá Ìbejì, NHF kì í ṣe ti òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ lè forúkọ sílẹ̀, kó sì máa dá a. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, òun náà lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè. Ìṣòro oníṣòwò Ládípọ̀ ni pé owó ń wọlé, àmọ́ kò sí ohun tó ń jẹ́rìí sí i. Kó máa fi owó ọjà rẹ̀ sí báǹkì lójoojúmọ́, kódà tó bá máa mú un jáde lọ́jọ́ kejì láti ra ọjà. Kó ṣe ìwé owó orí rẹ̀ fún LIRS kí March 31 tó kọjá, kó sì gba ẹ̀rí ìsanwó rẹ̀, torí báǹkì mọ́géèjì àti ìjọba Èkó máa béèrè rẹ̀. Tó bá bẹ̀rẹ̀ lóṣù yìí, yóò ti ní àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́fà lọ́wọ́ kí ẹ tó parí yíyẹ ìwé ilé wò àti ìdúnàádúrà.